Ìwé ìran ìdílé ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: báwo la ṣe ń mọ èyí tó jóòótọ́?

Aya Òyìnbó

Ẹ̀yin ará ilé yìí, ẹ kú ojúmọ́ o. Ìyá ọkọ mi ń palẹ̀ ilé mọ́ ní Shropshire, wọ́n wá kó páálí ìwé àtijọ́ kan lé wa lọ́wọ́. Àtẹ ìran gígùn kan wà nínú rẹ̀ tí ẹnì kan nínú ìdílé fọwọ́ kọ nígbà ayé Ọbabìnrin Victoria. Àtẹ náà ní ọ̀dọ̀ ọmọkùnrin kẹta baronet kan ni wọ́n ti ṣẹ̀, àti pé baba ńlá baronet ọ̀hún bá William Aṣẹ́gun wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066. Màmá gba gbogbo rẹ̀ gbọ́ bí ẹni gba Bíbélì gbọ́. Ọkọ mi ní àlọ́ ni. Èmi tí wọ́n fi oríkì jí láràárọ̀ títí mo fi kúrò nílé ò lè fojú kéré ìtàn ìran ẹnikẹ́ni, àwọn ọmọ mi sì ni ọ̀rọ̀ kàn. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Owó tí mo lè ná kò pọ̀, àmọ́ mo ní sùúrù.

Òǹkàwé Kew

Ẹ káàbọ̀, aya wa. Ẹ kọ́kọ́ ká àtẹ yẹn kúrò nílẹ̀ ná. Òkè kọ́ la ti ń gun igi. Ọ̀dọ̀ ọkọ yín ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa fà á padà sẹ́yìn ní ìran kọ̀ọ̀kan, kí ẹ má sì lọ sórí bàbá bí ìwé ẹ̀rí ti ọmọ kò bá tíì sí lọ́wọ́ yín.

Láti July 1837 ni ìjọba ti ń forúkọ ìbí, ìgbéyàwó àti ikú sílẹ̀ ní England àti Wales. Ti Scotland bẹ̀rẹ̀ ní 1855. Atọ́ka tó wà lórí ìkànnì GRO, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń tọ́jú àwọn ìwé náà, ni kí ẹ lò, torí ó kọ orúkọ ìdílé tí wọ́n ti bí ìyá ọmọ láti 1837 wá, nígbà tó jẹ́ pé September 1911 ni atọ́ka àtijọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Ẹ wo ìkànìyàn náà. Ti 1841 gé ọjọ́ orí àwọn àgbàlagbà sísàlẹ̀ ní márùn-ún márùn-ún, ẹ má gbára lé e púpọ̀. Ti 1851 ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ abúlé tí wọ́n ti bí ènìyàn gan-an, òun ló sì máa sọ fún yín irú ìwé ìrìbọmi tí ẹ ó lọ wá. Ti 1931 jóná. Ti 1941 kò wáyé rárá nítorí ogun.

Ṣáájú 1837, ìwé ìjọ ló kù: ìrìbọmi, ìgbéyàwó, ìsìnkú. Thomas Cromwell ló pàṣẹ ní 1538 pé kí gbogbo ìjọ máa kọ ọ́, àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìwé àkọ́kọ́ ti ṣègbé. Àwọn ìkànnì tí ẹ ti lè wá wọn, FreeREG àti FamilySearch, kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni. Ohun kan wà tó máa ń da àwọn èèyàn láàmú: títí di 1752, ọjọ́ 25 oṣù March ni ọdún tuntun ń bẹ̀rẹ̀ ní England. Ọmọ tí wọ́n kọ pé ó ṣèrìbọmi ní February 1720, 1721 ni lójú tiwa. Bí ìyá àti bàbá rẹ̀ bá ṣègbéyàwó ní May 1720, tí ẹ ò bá mọ èyí, ẹ ó máa pe ọmọ ọlọ́mọ ní ọmọ àlè.

Olùkọ́ Ìtàn

Ọ̀rọ̀ 1066 yẹn ni kí n fọwọ́ bà. Ẹ yọ ọ́ kúrò lọ́kàn. Àwọn tí ìwé ìgbà náà dárúkọ pé wọ́n bá William jà ní Hastings, tí àwọn òpìtàn gbà láìjiyàn, kò pé ogójì. Ìwé orúkọ kan wà tí wọ́n ń pè ní Battle Abbey Roll, tí ìdílé gbogbo fẹ́ràn láti máa tọ́ka sí. Ojúlówó rẹ̀ ti sọnù tipẹ́. Ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ni àwọn ẹ̀dà tó kù ti wá, orúkọ tí wọ́n sì fi kún un lẹ́yìn ogun kò kéré.

Ẹni tó kọ àtẹ yín ṣeé ṣe kó ti dà á kọ láti inú Burke. John Burke bẹ̀rẹ̀ ìwé àwọn olóyè ní 1826, ní 1833 ó tún bẹ̀rẹ̀ ti àwọn onílẹ̀ ńlá tí kò joyè, èyí tó padà di Landed Gentry. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ń kọ ìtàn ara rẹ̀ ránṣẹ́, ìwé sì ń tẹ̀ ẹ́ jáde. Ta ni yóò fẹnu ara rẹ̀ sọ pé alápatà ni bàbá bàbá òun? Ní 1877 òpìtàn Edward Freeman kọ àròkọ kan tó fi bọ́ wọn láṣọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni J. Horace Round wá sọ títú irọ́ ìdílé ká di iṣẹ́ ayé rẹ̀. Ti àwọn Feilding, ìdílé Earl of Denbigh, ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Wọ́n ní ìyekan làwọn jẹ́ fún àwọn Habsburg, àwọn tó jọba ní Austria. Gibbon, òpìtàn ńlá náà, gbà á gbọ́, ó tilẹ̀ fi yin ìdílé náà. Round ló padà fi hàn pé ayédèrú ni àwọn ìwé tí wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ kà.

Àwọn tó ń ṣe Burke lẹ́yìn ìgbà náà ti gbọn ọ̀pọ̀ irọ́ dànù, n kò ní kí ẹ má kà á. Àmọ́ fún oyè gan-an, Complete Peerage tí Cokayne bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ gbára lé, ẹ̀dà kejì tó jáde láàárín 1910 sí 1959. Ó tún ṣe ti àwọn baronet, èyí tó jáde láti 1900 sí 1909. Bí baronet yín bá wà láyé rí, ẹ ó bá a níbẹ̀: ọdún tó joyè, ìyàwó tó fẹ́, ìgbà tó kú. Ọmọ kẹta ni ẹ ò ní rí. Ẹni tó jẹ oyè ni Cokayne ń tọpa rẹ̀, kì í ṣe àbúrò olóyè.

Ará Bódìjà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí àìmọ̀kan mi. Baronet àti Lọ́ọ̀dù, ṣé ọ̀kan náà ni? Bí bàbá bá sì lówó tó báyẹn, báwo ni àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ ṣe wá di ẹni tí kò sẹ́ni tó mọ̀ wọ́n?

Lọ́yà Àgbà

Àbúrò, ìbéèrè gidi lo béèrè. Oyè tó ń sọ ènìyàn di Lọ́ọ̀dù jẹ́ márùn-ún: duke ló ga jù, lẹ́yìn rẹ̀ marquess, earl, viscount, kó tó kan baron. Baronet kò sí nínú wọn. Ọba James Kìíní ló dá a sílẹ̀ ní 1611 nígbà tó ń wá owó tí yóò fi bọ́ àwọn sójà ní Ulster, ní àríwá Ireland. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ á san 1,095 pọ́n-ùn, owó ọgbọ̀n sójà fún ọdún mẹ́ta, ìyẹn pọ́n-ùn kan lóòjọ́. Ọmọ ń jogún un, wọ́n sì ń pe ẹni tó bá jẹ ẹ́ ní Sir, àmọ́ kò fún un ní àga ní House of Lords. Knight náà ń jẹ́ Sir. Tirẹ̀ bá a wọlẹ̀ ni. Lábẹ́ wọn ni àwọn onílẹ̀ ńlá wà, tí ìwé àtijọ́ máa ń kọ «esquire» tàbí «gent.» sẹ́yìn orúkọ wọn. Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú méjèèjì nínú ìwé ìjọ ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, torí kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni wọ́n ń kọ ọ́ fún.

Ti ogún wá. Lọ́dọ̀ wa, yálà ìdí-igi ni tàbí orí-ò-jorí, gbogbo ọmọ ló ń rí nǹkan mú. Oyè ọba wa pàápàá ń yí láti ìdílé dé ìdílé, afọbajẹ ló sì ń yàn. Tiwọn kò rí bẹ́ẹ̀. Dáwódù ló kó ilé, ilẹ̀ àti oyè. Wọ́n tilẹ̀ máa ń fi ìwé àdéhùn dè é nígbà ìgbéyàwó, kí dáwódù fúnra rẹ̀ má lè ta ilẹ̀ náà. Àwọn àbúrò á gba owó díẹ̀, wọ́n á lọ di àlùfáà, ọ̀gágun, lọ́yà, tàbí kí wọ́n fi wọ́n sẹ́nu iṣẹ́ lọ́dọ̀ oníṣòwò ní London tàbí Bristol. Tó bá fi máa di ìran mẹ́ta, ọmọ ọmọ baronet ti ń ta aṣọ lọ́jà. Fún ìdí èyí, ti baronet nínú àtẹ aya wa ṣeé gbà ju ti 1066 lọ.

Olùkọ́ Ìtàn

Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ìfura mi wà. Àwọn tó ń ṣe ayédèrú àtẹ ìran fẹ́ràn ọmọ kẹta àti ọmọ kẹrin ju ohunkóhun lọ. Dáwódù ní ìwé lẹ́yìn, irọ́ nípa rẹ̀ kì í pẹ́ tú. Àbúrò tó kúrò nílé tí a ò gbúròó rẹ̀ mọ́, ara rẹ̀ ni ẹnikẹ́ni lè so ara rẹ̀ mọ́.

Lọ́yà Àgbà

Mo gbà, Tíṣà. Ìdí nìyẹn tí wíìlì fi ṣe pàtàkì. Títí di January 1858, ilé ẹjọ́ ìjọ ló ń bójú tó wíìlì. Ti olówó tó ní dúkìá káàkiri sábà máa ń lọ sí ilé ẹjọ́ Canterbury, ẹ̀dà wọn láti 1384 sì wà ní ilé ìkówèépamọ́ ìjọba ní Kew, lábẹ́ nọ́ńbà PROB 11. Ẹ lè fi orúkọ wá a lórí ìkànnì wọn. Ti ẹni tí kò tó bẹ́ẹ̀ wà lọ́dọ̀ bíṣọ́ọ̀bù àgbègbè. Shropshire ní wàhálà tirẹ̀, torí apá kan rẹ̀ wà lábẹ́ Hereford, apá kejì lábẹ́ Lichfield. Ẹ mọ abúlé náà kí ẹ tó mọ ibi tí ẹ ó yà sí.

Ẹ má sì dúró sórí wíìlì bàbá nìkan. Bàbá lè kọ «àwọn ọmọ mi tó kù» kó má dárúkọ ẹnì kankan. Wíìlì obìnrin tí kò lọ́kọ tí kò sì bímọ ni kí ẹ máa wá. Onítọ̀hún á dárúkọ ọmọ ẹ̀gbọ́n, ọmọ àbúrò, ọmọ ọmọ wọn, èyí tó ń gbé ní Ludlow, èyí tó lọ sí Jàmáíkà, ta ló gba ṣíbí fàdákà, ta ló gba ẹ̀wù ìgbà òtútù. Wíìlì kan báyìí lè so ẹ̀ka mẹ́rin pọ̀.

Òǹkàwé Kew

Kí n fi èyí kún un. Bí ọmọ kẹta bá di àlùfáà, ibùdó ìsọfúnni CCEd wà lórí ayélujára lọ́fẹ̀ẹ́, ó kó àwọn àlùfáà ìjọ England láti 1540 sí 1835. Bó bá lọ sí Oxford tàbí Cambridge, wọ́n ti tẹ orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ jáde, ó sì sábà máa ń sọ orúkọ bàbá àti ipò rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn lọ́yà ní London náà ní tiwọn.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Leeds

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Tèmi ni pé kí ẹ má tẹ̀lé orúkọ nìkan. Sir Hugh Smithson, baronet ará Yorkshire, fẹ́ Elizabeth Seymour, ẹni tó jẹ́ pé ìyá bàbá rẹ̀ ló jogún gbogbo dúkìá àwọn Percy. Ní 1750 Smithson pa orúkọ bàbá rẹ̀ tì, ó di Percy. Ní 1766 ó di Duke of Northumberland. Ẹni tó bá ń bá orúkọ Percy lọ sẹ́yìn lọ́nà baba á kàn já sọ́dọ̀ Smithson ní Yorkshire ni. Ọmọ tó bí níta, James Smithson, ni owó rẹ̀ dá Smithsonian sílẹ̀ ní Washington, ṣé ẹ rí i pé ọmọ àlè náà lórúkọ. Gbogbo orúkọ onílà láàárín tí ẹ ń rí yẹn, ọ̀pọ̀ ìgbà ìdílé ìyá tí kò ní ọmọkùnrin ló ní, «ẹ jẹ́ orúkọ wa kí ẹ tó gba ilẹ̀ wa.»

Nǹkan kejì, mi ò lè ṣàìsọ ọ́. Harewood House, ilé àwọn Lascelles, kò jìnnà sí ibi tí mo ń gbé. Ìrèké àti òwò ẹrú ní Barbados ló kọ́ ọ. Nígbà tí òfin 1833 fòpin sí oko ẹrú, 20 mílíọ̀nù pọ́n-ùn ni ìjọba yà sọ́tọ̀ fún àwọn tó ni ẹrú. Àwọn ẹrú fúnra wọn kò gba kọ́bọ̀. Yunifásítì UCL ti kó orúkọ àwọn tó béèrè owó náà sí orí ayélujára. Kì í ṣe Lọ́ọ̀dù nìkan ló wà níbẹ̀ o: àlùfáà wà ńbẹ̀, opó wà ńbẹ̀, àbúrò baronet wà ńbẹ̀. Aya wa, ẹ tẹ orúkọ ìdílé ọkọ yín síbẹ̀. Bí ẹ bá rí i, ó yẹ kí àwọn ọmọ mọ̀ pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ wíìlì tí Lọ́yà sọ rán mi létí Dido Elizabeth Belle. Sir John Lindsay ló bí i, ìyá rẹ̀ Maria Belle jẹ́ ọmọ adúláwọ̀ tí wọ́n mú lẹ́rú. Lord Mansfield, arákùnrin ìyá Lindsay, ló tọ́ ọ ní Kenwood, ilé rẹ̀ ní London. Inú wíìlì Mansfield la ti rí i tó kọ ọ́ ní kedere pé òmìnira ni Dido, tó sì fún un ní 100 pọ́n-ùn lọ́dọọdún.

Aya Òyìnbó

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo tẹ orúkọ náà. N kò rí i, ọkàn mi sì balẹ̀ díẹ̀. Ṣíbí fàdákà kan wà nínú páálí náà o, àmì apata wà lára rẹ̀, ìràwọ̀ kékeré kan sì wà lókè apata náà. Ọkọ mi ní kò já mọ́ nǹkan, pé wọ́n ń ta ife tí àmì ìdílé wọn wà lára rẹ̀ lọ́jà, ẹnikẹ́ni tó ń jẹ́ orúkọ náà lè rà á.

Lọ́yà Àgbà

Ọlọ́jà ife ló ń jẹun tirẹ̀. Ní England, orúkọ kò ní àmì apata. Ẹnì kan ni wọ́n fi fún, àwọn ọmọ tó ti ara rẹ̀ jáde lọ́nà baba ló sì ń jogún un. Ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó o ni College of Arms, tí Richard Kẹta dá sílẹ̀ ní 1484, wọ́n wà ní Queen Victoria Street ní London títí dòní. Ti Scotland yàtọ̀: Lord Lyon ní ilé ẹjọ́ tirẹ̀ ní Edinburgh, ó sì lè fìyà jẹ ẹni tó bá lo àmì tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ìràwọ̀ yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Àmì kékeré ni wọ́n fi ń mọ ipò ọmọ: oṣù lílé fún èkejì, ìràwọ̀ fún ẹ̀kẹta, ẹyẹ tí kò lẹ́sẹ̀ fún ẹ̀kẹrin. Ìràwọ̀ bá ohun tí àtẹ yín sọ mu.

Olùkọ́ Ìtàn

Ó bá a mu, kò tíì jẹ́ ẹ̀rí. Ìràwọ̀ lè wà lára àmì láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó lówó sì lè ní kí alágbẹ̀dẹ fàdákà fín ohun tó wù ú síbẹ̀. Láti 1530 títí dé òpin ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni àwọn aṣojú ọba ń lọ káàkiri àwọn county láti yẹ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wò, wọ́n sì máa ń mú kí àwọn tí kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i jẹ́wọ́ ní gbangba. Àtẹ ìran tí wọ́n kọ nígbà ìbẹ̀wò wọ̀nyẹn, ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Harleian Society ti ń tẹ̀ wọ́n jáde láti ìgbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1869, ti Shropshire wà níbẹ̀. Ẹni tó jókòó síwájú wọn mọ bàbá rẹ̀ àti bàbá bàbá rẹ̀, ẹ lè gba ìyẹn. Ohun tó bá sọ nípa ọdún igba sẹ́yìn, ẹ fi í sílẹ̀ fún un.

Ará Bódìjà

Aya Òyìnbó, bí gbogbo àwọn tó kù nínú ìdílé náà bá kú, ṣé ọkọ yín ló máa di Sir? Kí n ti máa wá gèlè.

Lọ́yà Àgbà

Rọra, àbúrò. Ìwé tí ọba fi fún wọn ló máa sọ ẹni tó lè jogún. Ti baronet, ọmọkùnrin tó ti ọ̀nà ọmọkùnrin wá ni, tí bàbá àti ìyá rẹ̀ sì ti ṣègbéyàwó kí wọ́n tó bí i. Òfin 1926 sọ ọmọ tí òbí rẹ̀ ṣègbéyàwó lẹ́yìn ìbí rẹ̀ di ẹni tó bófin mu, àmọ́ wọ́n yọ oyè kúrò nínú rẹ̀. Ó tún gbọ́dọ̀ kó ẹ̀rí lọ kí orúkọ rẹ̀ tó wọ ìwé àwọn baronet.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn Tichborne ní Hampshire. Àrólé wọn, Roger, bá ọkọ̀ ojú omi rì ní 1854. Ìyá rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀ pé kò kú, ó polówó kiri ayé. Alápatà kan ní Wagga Wagga ní Ọsirélíà dáhùn pé òun ni. Faransé ni Roger fi dàgbà, ọkùnrin yìí ò gbọ́ ẹyọ kan. Ìyá gbà á bẹ́ẹ̀ náà! Ẹjọ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní 1871, kò parí títí di 1874, ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rìnlá sì ló gbà á lálejò.

DNA náà ti wọ inú rẹ̀ báyìí. Ní 2016, àwọn adájọ́ Privy Council, ilé ẹjọ́ gíga kan ní London, gbà á wọlé bí ẹ̀rí lórí oyè baronet Pringle ti Stichill, tó ti wà láti 1683. Oyè kúrò ní ẹ̀ka tó ń jẹ ẹ́ bọ̀, ó bọ́ sọ́dọ̀ ẹ̀ka kejì.

Òǹkàwé Kew

Aya wa, ẹ má tíì náwó lé DNA. Èyí tí wọ́n ń polówó kiri kì í ṣiṣẹ́ dáadáa ju nǹkan bí ìran márùn-ún tàbí mẹ́fà lọ. Èyí tó ń tọpa ọkùnrin nìkan lè lọ jìnnà, àfi kí ẹ rí ẹnì kan nínú ẹ̀ka baronet tó máa gbà láti tutọ́ sínú ìgò. Àwọn igi ìdílé tí àwọn èèyàn ń kọ sórí Ancestry àti Geni náà, ìwé ẹ̀rí tí wọ́n tọ́ka sí ni kí ẹ máa wò. Ogún èèyàn lè da àṣìṣe kan náà kọ.

Aya Òyìnbó

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ ti dé o. Mo ti fìwé gbé ìdílé náà dé nǹkan bí 1760 ní abúlé kan lẹ́bàá Ludlow. Mo bá ní kí n lọ yọjú wo ìrìbọmi ọmọ kẹta yẹn ní ìjọ baronet. Mo rí i, orúkọ bá a mu, ìparí ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Àmọ́ nígbà tí mo wo ìwé ìsìnkú, wọ́n sin ọmọ tó ń jẹ́ orúkọ yẹn gan-an ní ọdún kejì, «infant» ni wọ́n kọ sí i. Ṣé òkú ọmọ ọwọ́ ni gbogbo wọn ti ń pè ní baba ńlá?

Olùkọ́ Ìtàn

Ẹ ṣeun tí ẹ wo ìsìnkú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í wò ó, bẹ́ẹ̀ sì ni òkú ọmọdé tí wọ́n sọ di baba ńlá pọ̀ nínú ìwé. Àmọ́ ẹ má tíì sunkún. Àwọn òyìnbó ìgbà náà máa ń fún ọmọ tó bá tẹ̀lé e ní orúkọ kan náà, àgàgà bó bá jẹ́ orúkọ bàbá tàbí bàbá bàbá. Ẹ wo ọdún mẹ́wàá tó tẹ̀lé e, bóyá ẹ ó rí ìrìbọmi kejì. Bí ìwé ìjọ bá ya níbẹ̀, ẹ béèrè ẹ̀dà tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí bíṣọ́ọ̀bù lọ́dọọdún. Láti 1598 ni wọ́n ti ní kí wọ́n máa ṣe é, nígbà mìíràn òun nìkan ló kù.

Lọ́yà Àgbà

Kí ẹ tún wá ìwé àdéhùn ìgbéyàwó baronet àti ti dáwódù rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ya owó sọ́tọ̀ fún àwọn àbúrò. Bí àbúrò kan bá dàgbà gba owó rẹ̀, ó máa ń fọwọ́ sí ìwé pé òun ti gbà á. Òkú ọmọ ọwọ́ kì í fọwọ́ síwèé. Bí ìdílé náà bá ti kó ìwé ilẹ̀ wọn fún Shropshire Archives, inú rẹ̀ ló máa wà.

Aya Òyìnbó

Ní Shrewsbury nìyẹn, àbí? Mo lè dé ibẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí ni kí n mú dání?

Òǹkàwé Kew

Ẹ kọ́kọ́ wo katalọ́ọ̀gì wọn lórí ayélujára, kí ẹ kọ nọ́ńbà ìwé tí ẹ fẹ́ sílẹ̀, kí ẹ sì ránṣẹ́ sí wọn ṣáájú, torí kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń kó sítòsí. Ẹ mú nǹkan tó máa fi yín hàn tòun ti àdírẹ́sì. Pẹ́ńsù ni kí ẹ mú, wọn kì í jẹ́ kí bírò wọlé. Kí ẹ sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ìwé nígbà náà kí ẹ tó lọ: ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lórí rẹ̀ wà lórí ìkànnì The National Archives, torí «s» wọn jọ «f», Látìn sì ni wọ́n fi kọ púpọ̀ nínú ìwé ilé ẹjọ́ títí di 1733.

Ará Bódìjà

Ẹ bá wa ya fọ́tò ìwé àdéhùn náà bí wọ́n bá gbà. Mo fẹ́ rí iye tí wọ́n fún ọmọ kẹta.